Ẹ Má Fi Àkọlé Àtijọ́ Bo Ọ̀rọ̀ Tuntun Mọ́lẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Ohun kan wà tó kéré lójú, àmọ́ tó ń da ìjíròrò rú lójoojúmọ́ láàárín àwọn tó ń fi ímeèlì àti àwọn gúrúùpù orí fóònù bára wọn sọ̀rọ̀. Ohun náà ni ìlà kan ṣoṣo tó máa ń wà lókè lẹ́tà, èyí tí wọ́n kọ Subject sí níwájú. Àkọlé la ó máa pè é níbí.

Àwọn kan kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn á kọ "Ẹ káàárọ̀", "Pàtàkì", "Ìbéèrè", tàbí "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á". Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tuntun láti sọ, tó lọ ṣí lẹ́tà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tó tẹ Reply, tó sì da ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ àkọlé tí kò bá a tan. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, tí ẹnì kan ń wá ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní í rí i, nítorí kò sí orúkọ tó lè fi pè é. Ẹni tí yóò gba lẹ́tà ni àkọlé wà fún, òun àti ẹni tí yóò wá a lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó kọ lẹ́tà ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ná.

Ìlà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún 1973 ni Abhay Bhushan, Ken Pogran, Ray Tomlinson àti Jim White kọ ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC 561, tí wọ́n fi ṣètò bí orí lẹ́tà kọ̀ǹpútà ṣe yẹ kó rí: ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ ọ́, àti àkọlé rẹ̀. Ìlànà tí ayé ń lò báyìí, RFC 5322 ti ọdún 2008, ṣì fi àkọlé sípò rẹ̀. Inú ìwé yìí náà la ti rí ìtumọ̀ "Re:". Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìkékúrú Reply ni, bẹ́ẹ̀ èdè Látìn ni, "in re", tó túmọ̀ sí "lórí ọ̀rọ̀ ti". Ẹni tó bá fi "Re: Ìpàdé oṣù kẹta" síwájú, tó wá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn nísàlẹ̀, ti fi orí lẹ́tà rẹ̀ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ìwé náà tún ní ẹyọ "Re:" kan ti tó. Ó nídìí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ètò ímeèlì tí wọ́n ṣe lédè Jámánì lè kọ "AW:" dípò rẹ̀, ti Sweden lè kọ "SV:". Bí lẹ́tà bá ti lọ tó bọ̀ láàárín wọn nígbà bíi mélòó kan, àkọlé á di "Re: AW: Re: SV: Re:", ojúlówó ọ̀rọ̀ á sì ti kọjá ibi tí ojú fóònù mọ. Ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ ṣẹ́ "Re:" kan kù.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà tán kí ẹ tó kọ àkọlé, nítorí ohun tí èèyàn jókòó láti kọ àti ohun tó kọ níkẹyìn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ padà kà á látòkè délẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbà yín láyè láti sọ, èwo lẹ máa sọ? Ẹ gé gbólóhùn yẹn kúrú, òun ni àkọlé yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó wúwo jù síwájú. Bí fóònù bá wà lóòró, bí ọgbọ̀n sí ogójì ẹyọ lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì ni ó sábà máa ń fi hàn nínú àkọlé kí ó tó gé e. "Mo fẹ́ fi àsìkò yìí béèrè lọ́wọ́ yín bóyá" ti gba 38 tí a bá ka àlàfo mọ́ ọn, kò sì tíì sọ nǹkan kan.

Àkọlé tó pé máa ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, ohun tí ẹ fẹ́ kí olùgbà ṣe, àti ìgbà tí ẹ fẹ́ ẹ bí ó bá ní gbèdéke. Dípò "Ìpàdé", ẹ kọ "Ìpàdé 14 oṣù kẹta: aago 10 tàbí 4?" Dípò "Ìṣòro fóònù", ẹ kọ "Fóònù kò gba fọ́tò mọ́ lẹ́yìn àtúnṣe tuntun". Dípò "Àkọsílẹ̀", ẹ kọ "Ìṣirò 2024: àṣìṣe wà lójú ìwé 7". Ẹ kọ orúkọ oṣù jáde dípò 3/4, nítorí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni fún ẹnì kan, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni fún ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì sì lè wà nínú ìjíròrò kan náà.

Àwọn tó ń jíròrò pọ̀ lè fẹnu kò lórí àmì kéékèèké tí wọ́n á máa fi síwájú àkọlé, bíi [ÌBÉÈRÈ], [FÚN ÌMỌ̀ YÍN], [Ẹ DÁHÙN]. Kí ó má ju mẹ́rin lọ. Bó bá ti di mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa rántí èyí tó yẹ. Ní ti "KÍÁKÍÁ", ẹ fi pa mọ́ fún ohun tí kò lè dúró di ọ̀la. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ ni kò ní í rí ẹni dá a lóhùn lọ́jọ́ tí nǹkan bá ń jó lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ńlá, irú A, B, D. Nínú ìwé ìlànà ìwà ọmọlúàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ RFC 1855, èyí tí Sally Hambridge kọ lọ́dún 1995, wọ́n ti kìlọ̀ pé ẹni tó ń fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó ń pariwo. Ìwé yẹn tún ní kí lẹ́tà tó bá ju ọgọ́rùn-ún ìlà lọ sọ ọ́ nínú àkọlé pé òun gùn, kí olùgbà lè mọ ìgbà tí yóò jókòó tì í. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, ó sì ṣeé tẹ̀ lé títí dòní: [GÍGÙN] ti tó.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àmì ohùn, nítorí èdè tiwa ni a fẹ́ máa fi kọ àkọlé. Ẹni tó kọ "Oko tuntun ti de" láìfi àmì kankan sí i ti fi olùgbà sí ìrònú: ṣé oko ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ? Nínú lẹ́tà gígùn, àwọn gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká á là á yé wa. Àkọlé kò ní ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹ kò bá tilẹ̀ ráyè fi àmì sí gbogbo lẹ́tà, ẹ fi í sí àkọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ó ti lè dà yín láàmú. Nínú Unicode, tí í ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, kò sí ẹyọ kóòdù kan fún "ọ́". Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ "ọ", á wá lẹ àmì ohùn mọ́ ọn. Àwọn kíbọọ̀dù kan sì máa ń kọ "ó" ná, kí wọ́n tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú èèyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, àmọ́ ètò ìwákiri tí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n á sọ pé òun kò rí ohun tí ẹ ń wá. Ojútùú rẹ̀ rọrùn: ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà kan, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí kò gba àmì, wà nínú àkọlé tó bá ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá wá "2024" yóò rí i, irú kíbọọ̀dù tó wù kí ẹ lò. Bí ẹ bá sì rí àkọlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "=?UTF-8?", kì í ṣe ọlọ́ṣà. Bí wọ́n ṣe ń di lẹ́tà tó ní àmì kí ó lè rìnrìn àjò nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí RFC 2047 ti ọdún 1996 ṣe là á sílẹ̀. Ètò ímeèlì tó gbà á ni kò mọ bó ṣe máa tú u.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ dùn wá jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n fi Reply gbé wá.

Gbogbo ímeèlì ló ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí ojú kì í sábà rí, Message-ID lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Reply, ètò ímeèlì yín á mú àmì lẹ́tà tí ẹ ń dá lóhùn, á kọ ọ́ sínú orí lẹ́tà tuntun ní ibi tí wọ́n ń pè ní In-Reply-To. Á tún kọ ọ́ sí References pẹ̀lú ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìran: bàbá, bàbá bàbá, títí dé orísun. Bí ẹ bá wá pa àkọlé àtijọ́ rẹ́, tí ẹ kọ tuntun, tí ẹ sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú, ìran yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ti pààrọ̀ aṣọ ọmọ, ẹ kò pààrọ̀ ilé tí wọ́n bí i sí.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń lo ètò ímeèlì tó ń jẹ́ Thunderbird, tí ó to àwọn lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, lẹ́tà yín á lọ jókòó sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá ti pa ọ̀wọ́ yẹn tì pé òun kò fẹ́ rí i mọ́, tiyín ti bá a lọ nìyẹn, ẹ ó sì máa rò pé ẹni náà kò ka yín sí. Ti Gmail yàtọ̀. Bí àkọlé bá yí padà, á ya lẹ́tà náà sọ́tọ̀. Bí lẹ́tà inú ọ̀wọ́ kan bá sì ti ju ọgọ́rùn-ún lọ, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tuntun bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan àkọlé. Lẹ́tà kan náà, ojú méjì. Ẹni tó rí i bí ọ̀rọ̀ tuntun á dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó rí i láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn á béèrè pé, "Kí ló kan èyí níbí?" Bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárín àwọn méjì tí kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì nínú wọn.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ tuntun, ẹ tẹ Compose. A mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sá fún un: wọn kò fẹ́ máa wá àdírẹ́sì èèyàn mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló máa gbà yín láti yanjú ìyẹn títí láé. Ẹ lọ sínú àkójọ àdírẹ́sì yín, ẹ kó àwọn èèyàn náà sábẹ́ orúkọ kan. Nígbà mìíràn tí ẹ bá tẹ orúkọ yẹn síwájú To, gbogbo wọn á jáde.

Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ tuntun ti inú ti àtijọ́ jáde lóòótọ́. Ẹ ń jíròrò aago ìpàdé, ẹnì kan ní owó ọkọ̀ ti wọ́n, òótọ́ sì ni, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ yẹ kó ní ìjíròrò tirẹ̀. Àwọn tó ń lo Usenet, ètò ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà tí Tom Truscott àti Jim Ellis dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní òpin àwọn ọdún 1970, ti rí ojútùú sí èyí láti ayébáyé. Wọ́n á kọ àkọlé tuntun, wọ́n á wá fi ti àtijọ́ sínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lédè wa, a lè kọ ọ́ báyìí: "Owó ọkọ̀ sí ìpàdé (tẹ́lẹ̀: Ìpàdé 14 oṣù kẹta)". Ẹni àkọ́kọ́ tó bá fèsì sí i ni kó yọ àkámọ́ náà kúrò, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ tún fi gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà tí yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, torí àwọn tí Gmail ti ya lẹ́tà náà sọ́tọ̀ fún.

Ní ti dídúró lórí ọ̀rọ̀, ohun tí a ti ṣàkíyèsí ni pé àpẹẹrẹ ló sábà máa ń fa ìyapa. Ẹnì kan béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá, ó fi nǹkan kan ṣe àpẹẹrẹ, gbogbo ayé á wá sáré dá àpẹẹrẹ lóhùn, wọ́n á fi ìbéèrè sílẹ̀. Bí ẹ bá ń béèrè, ẹ mú àpẹẹrẹ tí kò lè ru ẹnikẹ́ni sókè. Bí ẹ bá ń dáhùn, ẹ dá ìbéèrè lóhùn ná kí ẹ tó fọwọ́ kan àpẹẹrẹ. Ohun kejì ni àtúnṣe èdè. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, òun nìkan ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè méjì nínú lẹ́tà kan: èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n máa dáhùn, wọ́n á gbàgbé èkejì. Ẹ kọ lẹ́tà méjì.

Kí ẹ tó tẹ Send, ẹ wo àkọlé òkè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹni tó wá torí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan máa rí nǹkan mú lọ nínú ohun tí ẹ kọ. Bí kò bá ní í rí, ọ̀nà méjì ló wà: àkọlé tuntun, tàbí lẹ́tà sí ẹnì kan ṣoṣo. "Ẹ ṣeun" àti "Àmín" yẹ ẹni tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ igba èèyàn. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fà yọ, ibi tí ẹ ń dá lóhùn gan-an ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ kọ èsì yín sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé inú ń bí yín, RFC 1855 tí a mẹ́nu kàn níṣàájú ní kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ẹni tó ń bójú tó ìjíròrò ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó dá sí i nígbà tí lẹ́tà kejì bá ti yà kúrò lọ́nà, kí ó má dúró de ìkẹwàá. Kí ó kọ́kọ́ ṣí àkọlé tuntun fún ọ̀rọ̀ tó yà, kí ó tó ní kí àwọn èèyàn kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹni tí wọ́n bá lé láìfi ibi tí yóò lọ hàn án kò ní í lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ: "Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ti ní àkọlé tirẹ̀ báyìí, 'Owó ọkọ̀ sí ìpàdé'. Ẹ jẹ́ ká parí ti aago ìpàdé níbí." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Bí ẹnì kan bá ń ṣe é léraléra, kí ó kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀. Kí àwọn yòókù sì dákẹ́, nítorí èèyàn márùn-ún tó ń kọ "Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀" ti fi lẹ́tà márùn-ún kún ohun tí kò sí lórí ọ̀rọ̀.

Lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ kò ní àkọlé. Ẹ fi ìlà àkọ́kọ́ ṣe é, kí ẹ sì fi àmì ìràwọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ kí ó lè dúdú ju ìyókù lọ: *Ìpàdé 14 oṣù kẹta*. Bí ẹ bá ń fèsì, ẹ fi ìka fa ọ̀rọ̀ tí ẹ ń dá lóhùn sí apá ọ̀tún kí ó lè hàn lókè èsì yín. "Bẹ́ẹ̀ ni" tó dá dúró kò sọ ìbéèrè tó ń dáhùn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín pọ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá gé e sí méje, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn á bọ́ sáàárín. Láti ọdún 2022 ni Telegram ti fàyè gba pípín gúrúùpù sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Gúrúùpù tó bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ yóò jàǹfààní rẹ̀.

A ti ní kí àkọlé ṣe kedere, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò yẹ kó ṣe kedere jù. Àkọlé máa ń hàn lójú fóònù tí wọ́n tì pa, níwájú ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí. Kódà àwọn tó ń fi OpenPGP tàbí S/MIME ti lẹ́tà wọn pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, inú lẹ́tà ni ó sábà máa ń tì, àkọlé á wà ní gbangba. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ àìsàn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. "Èsì àyẹ̀wò tí ẹ béèrè" ti tó.

Àwọn oníjìbìtì náà mọ agbára ìlà yìí. Wọ́n á fi "Re:" síwájú lẹ́tà tí ẹ kò kọ irú rẹ̀ sí wọn rí, kí ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ láàárín yín. Ẹ wo inú Sent yín. Bí ẹ kò bá rí lẹ́tà tó ń dáhùn níbẹ̀, ẹ má tẹ líǹkì kankan nínú rẹ̀. Òfin CAN-SPAM ti ọdún 2003 ní Amẹ́ríkà ka àkọlé ẹ̀tàn nínú ímeèlì ìpolówó sí ẹ̀ṣẹ̀. A rí àwọn èèyàn gidi tó ń lo "Re:" èké yìí kí àwọn ẹlòmíràn lè ka ìkéde wọn. Kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jáwọ́.

Nígbà tí ìjíròrò bá parí, kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi lẹ́tà kan tì í. Kí ó fi [Ó TI PARÍ] síwájú àkọlé, kí ó kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún jí lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ kọ lẹ́tà tuntun, kí ẹ fa ìlà méjì yọ nínú ìpinnu àtijọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù nínú àkọlé àkọ́kọ́ wà nínú ti ìkejì, kí ẹni tó bá ń wá ọ̀kan lè rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn tó ń bójú tó ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì